Bí A Ṣe Ń So Káàdì Graphics Mọ́ Kọ̀ǹpútà Kékeré Tí A Fọwọ́ Ara Wa Tò

Nínú àpótí kọ̀ǹpútà ńlá, èèyàn á ki káàdì graphics (èyí tó ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀) bọ ojú ihò rẹ̀, á fi iná sí i, iṣẹ́ parí. Àpótí tí kò ju lítà 10 lọ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, káàdì kì í dúró sórí motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wà: motherboard kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, káàdì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, okùn pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní riser ló so wọ́n pọ̀. Okùn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù.

Ìwọ̀n ló ṣáájú. Motherboard tí à ń lò níbí ni Mini-ITX, tí ilé-iṣẹ́ VIA gbé jáde ní 2001: mílímítà 170 ní òòró, 170 ní ìbú, pẹ̀lú ihò káàdì kan ṣoṣo. Télọ̀ kì í gé aṣọ láì wọn oníbàárà, torí náà ẹ má ra káàdì láì wọn àpótí. Ẹ wo gígùn, gíga àti nínípọn. Slot ni wọ́n fi ń ka nínípọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó bíi mílímítà 20. Káàdì tó gba slot méjì ń fẹ́ bíi 40. Gíga ló ń tan èèyàn jẹ jù, torí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí kò ka wáyà iná tó máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ wáyà iná tí wọ́n ń pè ní 12VHPWR ni káàdì yín ń lò, ẹ má ṣẹ́ ẹ po láàárín mílímítà 35 sí ẹnu rẹ̀, kí ẹnu náà sì wọlé tán pátápátá. Bí kò bá wọlé tán, ó lè gbóná títí yóò fi yọ́.

Ẹ ṣírò iná náà. Ihò motherboard lè fún káàdì ní wáàtì 75. Wáyà onípín-ín 6 (irin kéékèèké 6 ló wà lẹ́nu rẹ̀) ń gbé wáàtì 75 mìíràn wá, ti onípín-ín 8 ń gbé 150. Ẹ jẹ́ ká mú RTX 4060, káàdì Nvidia kan tó ń jẹ wáàtì 115: power supply (ẹ̀yà tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) oníwáàtì 550 ni Nvidia ní kí a lò fún un, irú rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n SFX tó máa wọ àpótí kékeré. Wáyà káàdì àti ti CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) jọra lójú, ṣùgbọ́n ti káàdì pín sí 6 àti 2, ti CPU sí 4 àti 4. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ má sì yá wáyà lára power supply mìíràn: ẹnu rẹ̀ lè bá a mu, kí ètò iná inú rẹ̀ yàtọ̀, kó sì jó káàdì.

Ibi tí mo ti fi ọjọ́ méjì ṣòfò nìyí. Mo to gbogbo rẹ̀ tán, mo tan án, fáànù ń yí, ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Mo rò pé káàdì ti bàjẹ́. Riser mi jẹ́ ti Gen 3, motherboard àti káàdì jẹ́ ti Gen 4 (Gen ni ìran PCIe, ọ̀nà tí káàdì àti motherboard fi ń bára wọn sọ̀rọ̀; Gen 4 yára ju Gen 3 lọ). Àwọn méjèèjì ń sáré Gen 4 lórí okùn tí kò lè gbé e. Nítorí náà, kí ẹ tó ti riser bọ inú àpótí, ẹ kọ́kọ́ ki káàdì bọ motherboard tààrà lórí tábìlì, tàbí kí ẹ lo graphics inú CPU bí ó bá ní in (àwọn Intel tí lẹ́tà F wà lẹ́yìn orúkọ wọn kò ní). Ẹ tẹ Delete tàbí F2 wọ BIOS (ojú ewé ètò ìpìlẹ̀ motherboard), ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan eré PCIe, ẹ yí i láti Auto sí Gen 3, ẹ fi pamọ́. Bí riser yín bá jẹ́ ti Gen 4 gidi, ẹ lè fi Auto sílẹ̀. Ohun tí ẹ máa pàdánù lórí Gen 3 kò pọ̀, àmọ́ RTX 4060 ń lo ọ̀nà dátà 8 péré nínú 16 tó wà nínú ihò náà, ó sì lè hàn nígbà tí mẹ́mọ́rì gígábáìtì 8 inú rẹ̀ bá kún. Ẹ rántí pé bí ẹ bá tún BIOS ṣe, ó lè padà sí Auto.

Ó wá kan títò. Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná kí iná tó kù lè tán, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí. Riser ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí motherboard títí ẹ ó fi gbọ́ “ká”. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ má ká a bí ìwé, ẹ má sì jẹ́ kó le tan-an. Ẹ wá fi káàdì sí i, ẹ de irin ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ àpótí, ẹ fi wáyà iná sí i. Ara káàdì ni wáyà mọ́nítọ̀ ń lọ, kì í ṣe ara motherboard.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì) sí i, ẹ ṣí GPU-Z, ètò tó ń fi ipò káàdì hàn. Bí ó bá kọ 1.1 (ìyẹn Gen 1) síbi Bus Interface, níbi tó ti ń fi eré PCIe hàn, ẹ má bẹ̀rù: káàdì ń sinmi ni. Ẹ tẹ àmì ìbéèrè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ìyára rẹ̀ gidi á hàn. Ẹ wá gbá géèmù tó wúwo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa wo ìgbóná. Bí ẹ bá gbọ́ “tẹ̀tẹ̀tẹ̀”, wáyà kan ló ń kan fáànù. Ẹ pa á, ẹ dì í sẹ́yìn, kí ẹ tó fi ìdérí àpótí dé e.