Bí Ẹ̀dá-Ìtàn Rẹ Bá Kú Nídìí Eré Dungeons & Dragons

Eré orí tábìlì ni Dungeons & Dragons, tí òṣèré kọ̀ọ̀kan ti ń fi ẹnu àti dáìsì darí ẹ̀dá-ìtàn kan. Bí tìrẹ bá ṣubú, kó o tó bara jẹ́, yẹ òfin wò. Àwọn òṣèré máa ń kánjú sin ẹni tí kò tíì kú. Nínú ẹ̀dà karùn-ún eré yìí, èyí tó jáde ní 2014, ẹni tí HP rẹ̀ (iye ẹ̀mí tó kù fún un) bá di òdo dákú ni. Bó bá ti kàn án, á ju dáìsì olójú ogún: 10 sókè, ó yege, 9 sílẹ̀, ó kùnà. Ìkùnà mẹ́ta ló ń pani, wọn ì báà má tẹ̀ léra. 1 gan-an jẹ́ ìkùnà méjì, 20 gan-an á sì gbé e dìde pẹ̀lú HP 1. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á ka ìkùnà tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó wò ó sàn mọ́ ti ìsinsìnyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bó bá ti rí HP ẹyọ kan gbà, iye ìkùnà náà padà sí òdo.

Lẹ́yìn náà, wo àpò ẹgbẹ́ yín. Idán tó ń jẹ́ Revivify ń jí òkú láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìyípo mẹ́wàá nínú ìjà, dáyámọ́ǹdì tó tó 300 owó wúrà ló sì ń jẹ. Idán kejì, Raise Dead, lè dúró di ọjọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n dáyámọ́ǹdì tó tó 500 owó wúrà ló fẹ́. Owó wúrà lásán kò lè rọ́pò dáyámọ́ǹdì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kábàámọ̀ nìyẹn. Raise Dead kò sì lè mú ẹ̀mí tí kò fẹ́ padà wá. Ìwọ lo máa sọ bóyá ó fẹ́.

Bó bá ti lọ pátápátá, má bá DM, ẹni tó ń darí eré, jiyàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú takisí Micra tó ń gbé ọ relé láti Bódìjà kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń tẹ ẹjọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Sùn ná, kó o wá bá a sọ ọ́ láàárín ẹ̀yin méjì. Bí ẹnì kan bá fi àwàdà kí ọ kú àṣẹ̀yìndè, gbà á, ó ń tura díẹ̀.

Bẹ DM fún ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀rẹ̀ ìjókòó tó kàn, kẹ́ ẹ sin ín dáadáa. Kọ oríkì rẹ̀, ìlà mẹ́rin sí mẹ́jọ. Má kọ ìwà rere nìkan. Oríkì ìlú wa gan-an kò fi àléébù pa mọ́: ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ tafàtafà, irú èyí tó:

Àlàbí, atamátàsé,
Ó ta dírágónì lójú lókèèrè,
Ó gbàgbé àpò owó sílé ẹlẹ́mu.
Ó ní ẹ máa lọ, òun á dí ọ̀nà dè yín.

Ìlà tó kẹ́yìn ni kó sọ bó ṣe kú. Jẹ́ kí ẹlòmíì kà á, torí ohùn rẹ lè há. Kẹ́ ẹ wá pín ogún: kí òṣèré kọ̀ọ̀kan mú nǹkan kan tí ẹ̀dá tirẹ̀ á máa lò lójú gbogbo yín. Má kó gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀dá rẹ tuntun; ojúkòkòrò ni wọ́n máa pè é, wọn ò sì jayò pa. Ìwé tó o kọ agbára olóògbé sí ńkọ́? Gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Agbowó, kí wọ́n bá ọ fi ọ̀rá bò ó.

Ẹ̀dá tuntun ló ṣòro jù. Ohun tó ń ba èyí jẹ́ ni ìbejì: orúkọ yí padà, ọfà kan náà, ìwà kan náà. Gbogbo ìgbà ni wàá máa fi wé òkú, kò sì ní borí. Yí iṣẹ́ rẹ̀, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti ohun tó ń wá padà. Okùn kan ṣoṣo ni kó so ó mọ́ olóògbé, bíi gbèsè tó jẹ ẹ́. Bó ò bá tíì ṣe tán, gba ẹ̀dá kékeré kan lọ́wọ́ DM fún ìjókòó kan, bí onílé èrò tàbí awakọ̀ ojú omi.

Kí ipele agbára rẹ̀ bá tàwọn yòókù dọ́gba. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ ní ipele 1 láàárín àwọn ipele 7, ọ̀tá tí DM wọ̀n fún wọn á pa á ní lílù kan ṣoṣo, wàá sì tún máa kọ oríkì.