write() ní òun ti kọ ọ́, iná lọ, fáìlì ṣófo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo fi C kọ ètò kan lórí Linux tó ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Tí wọ́n bá ti ta nǹkan, mo máa ń fi O_TRUNC ṣí fáìlì náà, màá fi write() kọ gbogbo àkọsílẹ̀ pátá, màá sì fi close() pa á dé. Lánàá, iná lọ lójijì. Nígbà tí iná dé, fáìlì wà níbẹ̀ o, àmọ́ báìtì 0 ni. Bẹ́ẹ̀ write() ò sọ pé àṣìṣe kankan wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Àkọsílẹ̀ owó kì í ṣe nǹkan tó yẹ kó sọnù báyìí.

Tí write() bá dá ẹ lóhùn, ohun tó ń sọ ni pé kernel (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ) ti gba báìtì wọ̀nyẹn sínú mẹ́mọ́rì. Kernel gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ, kò tíì jẹ́ ẹ. Lórí Linux tí wọn ò yí ètò rẹ̀ padà, báìtì lè wà ní mẹ́mọ́rì fún bí 30 ìṣẹ́jú àáyá kí kernel tó ka wọ́n sí ohun tó ti pẹ́, tó yẹ kó lọ sórí díìsìkì. close() náà kì í dúró kí wọ́n débẹ̀. O_TRUNC ti nu ti àtijọ́ kúrò, tuntun ò tíì balẹ̀, iná wá lọ. (ext4, ètò tí Linux sábà fi ń to fáìlì sórí díìsìkì, máa ń gbìyànjú láti dín ewu àṣà yìí kù, àmọ́ má gbára lé e.)

Má fọwọ́ kan fáìlì àtijọ́ rárá. Kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú fóldà kan náà:

```
int fd = open("oja.tmp", O_WRONLY|O_CREAT|O_TRUNC, 0644);
/* kọ gbogbo rẹ̀ síbí */
fsync(fd);
close(fd);
rename("oja.tmp", "oja.txt");
```

Yẹ èsì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò. fsync() ló máa dúró títí díìsìkì á fi gbà á. Ẹni tó bá ṣí oja.txt á rí ti àtijọ́ tàbí tuntun, kò ní rí ààbọ̀. Lẹ́yìn rename(), ṣí fóldà náà fúnra rẹ̀, kí o sì ṣe fsync() fún un, torí inú fóldà ni orúkọ fáìlì ń gbé.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní máa tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ìlà kan fún ọjà kan, pẹ̀lú O_APPEND (tó ń kọ tuntun sí ìparí fáìlì) àti fsync(), ti tó ṣọ́ọ̀bù.

Ìbéèrè: Ṣé tí mo bá lo fprintf(), fflush() ò tó?

Ìdáhùn: Kò tó. fflush() ń kó o kúrò nínú ètò tìrẹ lọ sọ́dọ̀ kernel ni. Ṣe fsync(fileno(f)) tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Mo ní kí write() kọ báìtì 10000, ó ní 4096 lòun kọ.

Ìdáhùn: Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Díìsìkì lè fẹ́ kún, àmì kan (signal) sì lè dá a dúró lágbedeméjì. Kódà, Linux kì í gbà ju 2,147,479,552 báìtì lọ lẹ́ẹ̀kan. Máa yí i títí yóò fi tán:

```
while (n > 0) {
    ssize_t k = write(fd, p, n);
    if (k < 0) {
        if (errno == EINTR) continue;
        return -1;
    }
    p += k;
    n -= k;
}
```

Tí díìsìkì bá ti kún lóòótọ́, ìyípo tó tẹ̀ lé e á fún ẹ ní ENOSPC (àṣìṣe pé àyè ti tán).

Ìbéèrè: Tí fsync() bá wá mú EIO (àṣìṣe kíkà tàbí kíkọ díìsìkì) wá ńkọ́? Ṣé kí n tún un pè?

Ìdáhùn: Má ṣe é! Ní 2018, àwọn tó ń kọ PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátà, rí i pé lẹ́yìn tí fsync() bá kùnà, Linux lè ka báìtì tí kò dé díìsìkì sí èyí tó ti dé. Tí o bá pè é lẹ́ẹ̀kejì, á ní ó dáa, bẹ́ẹ̀ báìtì ti lọ. Wọ́n wá yí PostgreSQL padà kó lè dá ara rẹ̀ dúró tí èyí bá ṣẹlẹ̀, kó sì tún iṣẹ́ ṣe láti inú WAL rẹ̀ (àkọsílẹ̀ àyípadà tó máa ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀). Ìwọ náà, pa oja.tmp yẹn tì, sọ fún ìyá kí wọ́n dá títẹ̀ dúró, kí o sì da oja.txt tó ṣì pé kọ sórí díìsìkì mìíràn lọ́jọ́ yẹn gan-an.