Bí a ṣe ń kọ́ katakata oko kékeré láti ara ẹ̀rọ ọlọ́ àti àlòkù ọkọ̀

Lẹ́yìn ilé ọlọ́ kan ní àdúgbò wa ní Kétu, ẹ̀rọ dísù onípísítìn kan wà lábẹ́ páànù ògbólógbòó fún ọdún púpọ̀, nítorí pé ẹni tí ó ni ín ti fi ẹ̀rọ oníná rọ́pò rẹ̀ nígbà tí iná mànàmáná dé. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ katakata kékeré tí mo fẹ́ ṣàlàyé, èyí tí ó lè túlẹ̀ oko hẹ́kítà méjì tàbí mẹ́ta, tí ó sì lè fa ọmọlanke tí ó kún fún àgbàdo láti oko wá sílé. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ajórin tí ó mọṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà ọyẹ́, kí ó sì parí rẹ̀ kí òjò oṣù kẹta tàbí ìkẹrin tó rọ ilẹ̀.

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ràn jù ni S195 ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí písítìn rẹ̀ ń rìn ní ìdùbúlẹ̀, tí a sì ń bu omi sí lórí kí ó má baà gbóná jù. Agbára ẹṣin 12 ni ó ní nígbà tí ó bá ń yí ìgbà 2000 láàrin ìṣẹ́jú kan. R175, ẹ̀rọ Ṣáínà mìíràn tí ó kéré sí i, fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì ti S195 lọ. Ẹ lò ó bí ó bá jẹ́ ọgbà ewébẹ̀ nìkan ni ẹ fẹ́ ro. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ irin kékeré tí ń tú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀pá tí a fi ń yí ẹ̀rọ tan yí i jẹ́jẹ́. Bí nọ́sù tí ń fín epo sínú ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó gbọ́ tí ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí a kò fi òróró sí. Lẹ́yìn náà ẹ fi irin tí ẹ tẹ̀ yẹn sílẹ̀: bí ẹ̀rọ bá ṣì lágbára, ọ̀pá yóò takú mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹni pé ẹnìkan di òdìkejì rẹ̀ mú. Ẹ yọ irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, kí ẹ wò ó lójú oòrùn. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí èéfín bá ń jáde ní àwọ̀ aró nígbà tí ẹ̀rọ ti gbóná, ọ́ìlì ni ó ń jó, ẹ sì ní láti ka owó ríìngì písítìn tuntun mọ́ iye tí ẹ fẹ́ san.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe ni ìyára. A kọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti sáré, a sì kọ́ katakata láti fa nǹkan. Bí ẹ bá kàn so ẹ̀rọ mọ́ àpótí jíà Peugeot 504, tí ẹ sì so ìyẹn mọ́ àpótí ẹ̀yìn tí ó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní pont, ẹ ó ní ohun tí ó ń sáré dáadáa lójú ọ̀nà, tí yóò sì kú nígbà tí irin ìtúlẹ̀ bá ti wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ ń yí ìgbà 2000 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí púlì ara ẹ̀rọ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 13, tí púlì kejì sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 39, ìyípo yóò dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bíi 667. Bí jíà kìn-ín-ní bá pín in sí ọ̀nà 3.6, yóò ku 185. Bí pont bá tún pín ìyẹn sí ọ̀nà 4, táyà yóò máa yí ìgbà 46. Táyà tí etí rẹ̀ yíká jẹ́ mítà 2 yóò rin nǹkan bíi mítà 93 láàrin ìṣẹ́jú yẹn, èyí tí í ṣe kìlómítà 5.6 láàrin wákàtí kan. Ìrìn ẹni tí ó ń kánjú lọ sí ọjà nìyẹn, ó sì ti yá jù fún ilẹ̀ pupa wa nígbà tí kò tíì rọ̀ tán. Ìdí nìyí tí mo fi ń to àpótí jíà méjì tẹ̀ lé ara wọn: bí ẹ bá fi èkejì sí jíà tí ó pín ìyípo sí méjì, katakata yóò máa rin kìlómítà 2.8, agbára tí ó fi ń fà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ má ṣe fi àpótí méjèèjì sí jíà kìn-ín-ní pọ̀ lórí iṣẹ́ tí ó wúwo, nítorí pé agbára tí yóò dé inú pont lè ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ìpín jíà rẹ̀ kò ní láti bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ó fi ẹfun sàmì sí ọ̀pá tí ó wọ inú àpótí àti èyí tí ó jáde, kí ó fi ọwọ́ yí ti ìwọlé, kí ó sì ka iye ìgbà tí ó yí kí ti ìjáde tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ní ti pont, táyà méjèèjì ni kí ó jọ máa yí. Bí ẹ bá di ọ̀kan mú, èkejì yóò yí ìlọ́po méjì, ìṣirò yín yóò sì dàrú.

Ohun kejì ni apá ibi tí ẹ̀rọ ń yí sí. Katakata àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ní àpótí jíà kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí mo gbé e jáde lójú àwọn ọmọ àdúgbò, jíà kan ni ó fi ń lọ síwájú, ó sì ń fi mẹ́rin padà sẹ́yìn. Mo ti jó gbogbo irin rẹ̀ pọ̀ tán kí n tó mọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó jó ohunkóhun, ẹ to ẹ̀rọ, àpótí jíà àti pont sílẹ̀ lórí igi, kí ẹ fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ sí apá tí ó máa ń yí sí, kí ẹ sì wo bí táyà ṣe ń yí. Bí ó bá ń padà sẹ́yìn, ẹ yí ojú ẹ̀rọ sí òdìkejì. Àwọn kan a máa dojú pont délẹ̀ dípò èyí. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ihò tí a fi ń wọn ọ́ìlì rẹ̀ àti ihò tí ó fi ń mí yóò wà níbi tí kò yẹ, ẹ sì ní láti dá tuntun lu.

Ẹ má ṣe so púlì ńlá mọ́ ọ̀pá àpótí jíà gan-an, nítorí pé bẹ́líìtì yóò máa fa ọ̀pá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí bíárìn rẹ̀ yóò fi jẹ. Ẹ fi ọ̀pá kúkúrú kan sáàrin, tí ó jókòó sórí bíárìn méjì tí ó ní ilé tirẹ̀, kí púlì wà lórí ìyẹn, kí ẹ sì fi ìsopọ̀ tí ó lè tẹ̀ sí igun bí ó ti ń yí, tí a yọ lára ọkọ̀, so ó mọ́ àpótí jíà. Bẹ́líìtì méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ lò. Púlì kékeré tí ó wà lórí irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ yóò máa mú bẹ́líìtì le, yóò sì máa dẹ̀ ẹ́, èyí sì tó láti rọ́pò kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi páànù bo gbogbo rẹ̀. Aṣọ agbádá àti bẹ́líìtì kì í gbé pọ̀.

Irin onígun U tí ó ga ní mílímítà 100, tí a gé lára ọkọ̀ akẹ́rù, ni kí ẹ fi ṣe egungun rẹ̀. Ẹ ha ìpáta àti ọ̀dà kúrò, ẹ kọ́kọ́ fi iná ìjórin kàn án pọ̀ ní ojú kékeré kékeré, kí ẹ wọn igun sí igun ní ìdábùú. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, egungun náà ti wọ́. Ẹ̀rọ onípísítìn kan máa ń gbọ̀n gan-an, nítorí náà ojú ibi tí ó jókòó ni kí ẹ fi irin tí ó nípọn sí jù, kí ẹ sì fi bóòtù onínọ́ọ̀tì méjì dè é dípò kí ẹ jó o mọ́ ọn. Táńkì tí epo ti wà nínú rẹ̀ rí, ẹ má ṣe gbé iná ìjórin sún mọ́ ọn, ìbáà gbẹ fún ọdún kan.

Ìdarí àti ìdádúró kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: iwájú ọkọ̀ kan náà tí ẹ ti yọ pont ni kí ẹ ti yọ sítíárì, kí búrékì ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà bí ó ti wà. Ibi tí a ń so irin ìtúlẹ̀ mọ́ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ó gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju àárín táyà ẹ̀yìn lọ. Bí ó bá ga jù ú lọ, tí irin náà sì kọ́ kùkùté, katakata yóò dìde níwájú, yóò sì dojú dé ẹni tí ó ń wà á, kí ó tó rí àyè bọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ìwúwo sí iwájú, kí ẹ fi páìpù tí ó lágbára ṣe ọwọ́n sẹ́yìn ìjókòó, kí ó ga ju orí lọ, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì ìjókòó kún un. Bí táyà bá ń yọ̀, ẹ bu omi sínú rẹ̀ dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń pa á kí ẹ tó kọ́ bí a ṣe ń tan án. Ẹ̀rọ dísù kò ní wáyà tí a ó já tí yóò fi kú. Epo ni a ń dí fún un, bí ìyẹn bá sì kọ̀, a ó fi pákó pẹlẹbẹ dí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ 10 àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo bóòtù dì, kí ẹ wo ojú ìjórin bóyá ó ti sán, kí ẹ sì da ọ́ìlì àpótí jíà méjèèjì sínú abọ́. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì wá inú rẹ̀: lẹ́búlẹ́bú irin bí àtíkè kò léwu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èyí tí ó tóbi tó èékánná, ẹ tú àpótí náà kí ẹ tó padà sí oko.