Bí A Ṣe Lè Ta Ògbólógbòó Aṣọ Òfì Ní Iye Tó Tọ́ Sí I

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, àpótí kan máa ń wà lábẹ́ ibùsùn tí aṣọ òfì bàbá àgbà wà nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ mọ́. Bí ìdílé bá pinnu láti tà á, alágbàtà tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ló sábà máa ń gbé e lọ ní owó pọ́ọ́kú. Alágbàtà ti mọ irú òwú tí wọ́n fi hun aṣọ náà kí ó tó jókòó. Ẹni tó ń tà á kò mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ sì ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òwú ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó dá owó lé ohunkóhun. Mo gbà pé ẹbí ti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà ná, nítorí ogún tí a kò tíì pín kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá tà.

Ẹ má ṣe fọ aṣọ náà. Ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má sì sá a sí oòrùn, nítorí aró máa ń ṣí, ṣẹ́dà (òwú sílíìkì) tó ti gbó sì máa ń ya níbi tí wọ́n bá ti fún un. Bí òórùn káńfọ̀ bá pọ̀ jù lára rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú ilé tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ihò tí kòkòrò jẹ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: olùrà tó mọ aṣọ yóò fara mọ́ ihò ju àtúnṣe tí télọ̀ fi ẹ̀rọ lẹ̀ mọ́ ọn lọ.

Nínú àwọn aṣọ àtijọ́, mẹ́ta ló gbayì jù. Sányán ní àwọ̀ ilẹ̀, bí ẹní pé wọ́n bu omi tíì sí wàrà; ilé tí kòkòrò inú igbó fi ń bo ara rẹ̀ ni wọ́n ń sè, tí wọ́n sì ń ran ní òwú. Àlàárì pupa rúsúrúsú, ṣẹ́dà rẹ̀ àtijọ́ sì jẹ́ èyí tí àwọn oníṣòwò kó la aṣálẹ̀ kọjá láti Trípólì wá sí Kánò, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ wa. Ẹtù jẹ́ òwú oko (kọ́tìnì) tí wọ́n rẹ sínú aró títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí ìlà funfun tàbí ìlà aró fẹ́ẹ́rẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti fi réyọ̀n (òwú àtọwọ́dá tó ń dán bíi ṣẹ́dà) àti òwú ilé iṣẹ́ hun gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí láti ìgbà pípẹ́, nítorí náà ojú nìkan kò lè dájọ́.

Ẹ yẹ ẹ̀yìn ojú ìrán wò, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ etí aṣọ sínú, kí ẹ fa ẹyọ òwú kan ṣoṣo yọ. Ẹ fi nǹkan irin kékeré mú un, kí ẹ ṣáná sí i lórí àwo tánganran. Bí ó bá ń rùn bí irun tó jóná, tí eérú rẹ̀ sì ń fọ́ lẹ́búlẹ́bú láàárín ìka, ṣẹ́dà tàbí sányán gidi ni. Bí ó bá ń rùn bí ìwé tó jóná, òwú oko tàbí réyọ̀n ni. Èyí tó bá yọ́, tó sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú líle, òwú oníkẹ́míkà ìgbà òde òní ni. Ẹ dán òwú ìnà (èyí tó lọ ní gígùn aṣọ) àti òwú ìdábùú (èyí tó gba ìbú rẹ̀) wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí wọ́n máa ń da méjì pọ̀. Aṣọ tí òwú dídán bíi góòlù bá wà nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe jù pé lẹ́yìn òmìnira 1960 ni wọ́n hun ún. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní aṣọ ayé Bàbá Ńlá.

Lẹ́yìn òwú, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú wọn tó nǹkan bí íǹṣì 4 ni wọ́n ń rán pọ̀ di aṣọ. Bí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi rán wọn, tí iṣẹ́ ọrùn agbádá náà sì jẹ́ ti ọwọ́, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ti iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ. Ihò wẹ́wẹ́ tí ahunṣọ mọ̀ọ́mọ̀ dá sínú aṣọ, tàbí ọnà tó dà bí wàláà ilé kéú, ń fi kún iyì rẹ̀. Agbádá, ṣòkòtò àti fìlà tó jọ rìn gbọ́dọ̀ jọ tà. Bẹ́ẹ̀ ni ìró, gèlè àti ìborùn.

Láti mọ iye tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá, ẹ ka ọ̀já tó wà nínú aṣọ yín, kí ẹ wọn gígùn wọn, kí ẹ sì bi ahunṣọ méjì tàbí mẹ́ta ní Ìlọrin pé èló ni wọn yóò gbà láti hun irú rẹ̀ ní tuntun, òwú àti iṣẹ́ lápapọ̀. Bí aṣọ yín bá ṣì le, tó ṣeé wọ̀, iye yẹn ni ilẹ̀ tí ẹ dúró lé; ọjọ́ orí, ṣẹ́dà àti ìtàn rẹ̀ ni ẹ óò máa fi kún un. Ìtàn tí mo ń wí yìí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí. Fọ́tò bàbá àgbà níbi tó ti wọ aṣọ náà níyì ju àlàyé ojú ìwé mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ fún olùrà.

Olùrà kò rí bákan náà. Àwọn tó ń gé òfì láti fi ṣe báàgì àti bàtà kò ní san owó ọjọ́ orí rẹ̀, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ta sányán gidi fún wọn. Ìdílé tó ń wá aṣọ ayẹyẹ yóò san dáadáa bí kò bá ya. Àwọn tó ń kó aṣọ àtijọ́ jọ ló ń san jù, kódà fún èyí tí kò ṣeé wọ̀ mọ́. Fọ́tò tí ẹ yà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, láìlo iná fóònù, ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì ya ibi tó bàjẹ́ pẹ̀lú. Àbùkù tí olùrà bá fúnra rẹ̀ rí ni yóò fi já owó lulẹ̀.

Òfin wà níbẹ̀ o. Òfin 1979 tó gbé Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Orílẹ̀-Èdè kalẹ̀ ka iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì lè mú aṣọ eégún àti irú rẹ̀ tí wọ́n lò fún ayẹyẹ ìbílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹni tí àjọ náà fọwọ́ sí nìkan ló lè rà á, kò sì gbọ́dọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìé ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, wà lábẹ́ àjọ yìí. Ẹ lè béèrè níbẹ̀ bí aṣọ yín bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Bí ìdúnàádúrà bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń yin aṣọ kan tí ojú rẹ̀ sì ń lọ sí òmíràn, tí yóò wá ní kí ẹ kó gbogbo àpótí pọ̀ lówó kan ṣoṣo. Ẹ dá owó lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ní òun fẹ́ gbé e lọ fi han ọ̀gá òun, kí ọ̀gá náà wá. Bí ó bá sì fi owó ránṣẹ́, ẹ má ṣe gba álàátì orí fóònù gbọ́. Ẹ wo àkáǹtì yín fúnra yín, kí ẹ rí i pé owó ti wọlé, kí ẹ tó di aṣọ náà fún un.