Bí Òkèlè Iyán Ṣe Ń Di Agbára: Ohun Tí Ẹ Lè Yẹ̀ Wò Lára Yín

Ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, tí ọmọ bá ní òun kò lágbára, ohun tí ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ìbéèrè náà dáa, àmọ́ kò tíì parí. Iṣu tó wà nínú ikùn kò tíì di agbára. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e dé ibi iṣẹ́, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ bá a níbẹ̀. Ẹ lè fojú ara yín rí púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí láàárín wákàtí kan.

Ẹ wá aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá (ti fóònù náà tó), ègé iṣu sísè tí kò ní epo tàbí iyọ̀, ike omi lita kan ààbọ̀ tó ti ṣófo, bàlúùnù méjì, ọ̀bẹ àti sẹ́lótéèpù.

Ẹnu àti ọ̀fun

Ẹ bu iṣu náà sẹ́nu, kí ẹ máa rún un fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ má tíì gbé e mì. Kó tó pé ìṣẹ́jú náà, adùn kékeré kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Itọ́ ló ń já sítáàṣì inú iṣu sí ṣúgà. Iyán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àǹfààní yìí. Ọmọ odó ti bá eyín ṣiṣẹ́, àmọ́ kò sí itọ́ nínú odó, òkèlè sì ń yára kọjá lẹ́nu, nítorí náà ìfun kékeré ló máa ń ru ẹrù tó pọ̀ jù. Ó kúkú lágbára tó láti rù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ máa ń wú lẹ́yìn iyán, kó bu òkèlè kéékèèké, kó sì fara balẹ̀: ẹni tó ń kánjú gbé òkèlè mì ń gbé afẹ́fẹ́ mì pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ wá fi ìka méjì lé gògóńgò, kí ẹ gbé itọ́ mì. Á fò sókè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe fò sókè yẹn, ìdérí kékeré kan bo ẹnu kòmóòkun (ọ̀nà tí èémí ń gbà) kí oúnjẹ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tàbí tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú òkèlè lọ́fun lè ṣí ìdérí náà lásìkò tó yẹ kó wà ní pípadé.

Bí òkèlè bá há ẹnì kan lọ́fun tó ṣì ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́ lọ. Tí kò bá lè sọ̀rọ̀ tàbí wúkọ́ mọ́, ẹ má ṣe fún un lómi, omi náà ò ní ríbi gbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín egungun pẹlẹbẹ èjìká méjèèjì lẹ́yìn. Bí kò bá jáde, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo, nísàlẹ̀ egungun àyà, kí ẹ fi ọwọ́ kejì dì í mú, kí ẹ fà á wọlé àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe gbígbá àti fífà náà tẹ̀lé ara wọn. Aláboyún, àyà ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ ikùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí apá yín kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ yí i padà, kí ẹ sì fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ẹ̀dọ̀fóró inú ike

Ẹ gé ìdí ike náà kúrò. Ẹ ki bàlúùnù kan sínú rẹ̀ láti ẹnu, kí ẹ ká etí bàlúùnù náà bo ẹnu ike. Ẹ gé bàlúùnù kejì sí méjì, ẹ na èyí tó fẹ̀ bo ìdí ike, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù dì í yíká. Ẹ fa rọ́bà ìsàlẹ̀ náà: bàlúùnù inú á wú. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: á tún rọ. Bí kò bá wú, afẹ́fẹ́ ń jò níbi tí ẹ dì; ẹ tún un dì. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní iṣan tó lè fi fẹ ara rẹ̀. Iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà àyà àti ikùn ló ń fà á bí rọ́bà yẹn. Ìdí nìyẹn tí mímí fi máa ń nira fún ẹni tó yó jù: ikùn ń ti iṣan náà sókè, kò jẹ́ kó rí àyè sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀nà tí ṣúgà iṣu gbà

Ikùn á po oúnjẹ mọ́ oje kíkan fún nǹkan bíi wákàtí 2 sí 4. Ìfun kékeré, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 6, ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gbà á. Inú rẹ̀ rí bíi táwẹ̀lì, ó kún fún irun wẹ́wẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ gbé ṣúgà náà lọ sínú ẹ̀dọ̀, tí yóò tọ́jú díẹ̀ pamọ́. Èyí tó kù á dé apá ọ̀tún ọkàn, apá ọ̀tún á tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, á padà sí apá òsì, ibẹ̀ ni á ti wá lọ sí ẹsẹ̀ àti ọpọlọ. Ẹ ò rí i pé kò sí ṣúgà iṣu tó dé ẹsẹ̀ láìgba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Iyàrá òsì ọkàn nípọn ju ti ọ̀tún lọ, torí gbogbo ara ló ń tì í dé.

Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó nǹkan bíi lita 5, bíi kẹ́ẹ̀gì epo kékeré kan. Bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn ń tì tó bẹ́ẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ fi ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín lé ọrùn ọwọ́, lápá àtàǹpàkò. Ẹ má lo àtàǹpàkò fúnra rẹ̀, torí ó ní ìlù tirẹ̀ tó lè dà yín láàmú. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí kò bá lù déédéé, ẹ ka ìṣẹ́jú kan pé. Àgbàlagbà tó sinmi: 60 sí 100. Èémí rẹ̀: 12 sí 20. Lẹ́yìn náà kí ẹ gun ọ̀kan lára àwọn òkè olókùúta Ògìdì, kí ẹ tún kà wọ́n lókè. Méjèèjì á ti jọ lọ sókè, torí ẹsẹ̀ ń fi ọ́síjìn, ìyẹn èyí tí ara ń lò nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, sun ṣúgà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́

Èyí tó ń dùn wá jù ni jẹnẹrétọ̀ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti èédú tí wọ́n gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́. Èéfín wọn ní kábọ́ọ̀nù mónóksáídì, afẹ́fẹ́ olóró kan tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju ọ́síjìn lọ. Ọkàn ń lù, àyà ń mí, oúnjẹ wà níkùn, àmọ́ ọ́síjìn ò rí ọkọ̀ wọ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pè é ní ibà. Bó bá ń ṣe gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá jáde síta, èéfín ni kí ẹ fura sí. Ẹ gbé àwọn èèyàn náà síta kíá, kí ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ti ọmọdé tó ń wúkọ́: ẹ ṣí aṣọ rẹ̀ nígbà tí kò sunkún tí kò sì mu ọmú, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan pé. Tí kò bá tíì pé oṣù 2, 60 sókè ti pọ̀ jù. Oṣù 2 sí 11, 50 sókè. Ọdún 1 sí 5, 40 sókè. Bó bá dé iye yìí, tàbí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.