Owó tí mo san nítorí òjò Ìsẹ́yìn

Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó kí wọ́n tó fún yín ní àkọsílẹ̀ òjò fún iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ dákun, ẹ ka èyí ná. Owó tí mo tọ́jú pé n ó fi wọ mọ́tò káàkiri abúlé, tí n ó sì fi san fún àwọn tó ń bá mi kọ ìdáhùn sílẹ̀, inú ìwé pélébé kan ló wọ̀ sí. Ìwé náà kò sì pé.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe kò le. Àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn àti abúlé tó yí i ká ń sọ pé òjò ò ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí ojú wọn rí bá ohun tí wọ́n wọ̀n sílẹ̀ mu. Ti ìwé ìbéèrè àti gbígba àṣẹ, n kò ní sọ ìyẹn. Ẹni tó bá ti kọ iṣẹ́ àṣeparí rí mọ̀ ọ́n.

Oko ló dùn jù. Ẹ má bi bàbá àgbàlagbà pé báwo ni òjò ṣe rí ní 1983. Ẹ bi í pé lọ́dún tí wọ́n lé àwọn ará Ghana lọ ńkọ́. Kíá ni bàbá kan dá mi lóhùn: "Ọ̀dá ni. Iná jó igbó." Ní ti ìsinsìnyí, àwọn àgbẹ̀ ní kì í ṣe pé òjò kéré, àkọ́rọ̀ ló ń tan àwọn jẹ. Á rọ̀ lóṣù Kẹta, wọ́n á gbin àgbàdo, á hù, òjò á wá dáwọ́ dúró títí àgbàdo á fi rọ. Wọ́n á tún wá owó irúgbìn mìíràn. Ọ̀pọ̀ wọn di ẹ̀bi ru àwọn tó ń gé igi sun èédú, àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ayé ni. Òfin àyípadà ojú-ọjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2021, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí nínú àwọn tí mo bi.

Ó wá ku àkọsílẹ̀ òjò. Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ́fíìsì kan ni mo lọ, n kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní kí n mú lẹ́tà wá láti ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo mú un dé, wọ́n ní ọ̀gá pátápátá ni kí n kọ ọ́ sí. Mo tún un kọ. Ọ̀gá lọ sí ìpàdé ní Àbújá, ẹni tó ń dúró fún un kò sì láṣẹ láti buwọ́ lù ú. Nígbà tí ọ̀gá fi máa dé, lẹ́tà ti sọnù, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi sì ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Mo tún òmíràn kọ. Ó wá di ọ̀rọ̀ owó: ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ka owó lé, bẹ́ẹ̀ ọgbọ̀n ọdún ni mo ń fẹ́. Mo jókòó kí n tó lè tún iye náà sọ lẹ́nu.

Mo san án. Kí ni wọ́n gbé fún mi? Àròpọ̀ òjò oṣooṣù! Mo kọ "ojoojúmọ́" gàdàgbà sínú lẹ́tà, mo tilẹ̀ fàlà sí i nídìí. Bí òjò mílímítà 90 bá rọ̀ lóṣù Kẹrin, ìwé oṣooṣù kò lè sọ fún yín bóyá ó pín ara rẹ̀ káàkiri oṣù ni, àbí ó ya lulẹ̀ lọ́jọ́ méjì tí ọ̀gbẹlẹ̀ gba ìyókù. Àgbàdo mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ti ojoojúmọ́, owó ọ̀tọ̀ ni, àti pé àwọn ọdún kan wà tí kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò bi í bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹnì kan tí a jọ ń lo yàrá ìkàwé ló bi mí pé kí ló dé tí n kò lo CHIRPS, àkọsílẹ̀ òjò tí wọ́n ń fi sátẹ́láìtì ṣe. Ọ̀fẹ́ ni! Yunifásítì California tó wà ní Santa Barbara ló ń ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1981, ti ojoojúmọ́ wà níbẹ̀, ojú kan rẹ̀ lórí máàpù sì fẹ̀ tó kìlómítà 5. Sátẹ́láìtì kò gbé korobá síbì kankan o: bí orí ìkùukùu bá ṣe tutù tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n òjò, wọ́n á wá fi ohun tí àwọn ibùdó orí ilẹ̀ wọ̀n tún un ṣe. Nítorí náà mo fi ìwé olówó gọbọi mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi kan ṣoṣo tí ìwé náà wúlò nìyẹn.

Báyìí ni mo ṣe mọ ìbẹ̀rẹ̀ òjò nínú CHIRPS: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, mo wá ìgbà tí òjò ọjọ́ kan tàbí méjì pé mílímítà 20, tí ọ̀gbẹlẹ̀ tó ju ọjọ́ 10 lọ kò sì sí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Èyí tó bá pé 20 tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì gbá a mú, àkọ́rọ̀ ẹlẹ́tàn nìyẹn. Àròpọ̀ ọdọọdún kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni mo wò, ǹ bá sọ àwọn àgbẹ̀ di òpùrọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún tí wọ́n ní àwọn gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló jáde bí ọdún àkọ́rọ̀ ẹlẹ́tàn. 1983 bàbá yẹn sì wà lára àwọn ọdún tó gbẹ jù. Mo pariwo nínú yàrá, àwọn ará ilé ní kí ló dé.

Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé kan hàn yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ àlàfo di òdo: ọjọ́ tí wọn kò kọ kì í ṣe ọjọ́ tí òjò kò rọ̀.

Ti ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ ni kò tíì yanjú. Àwọn àgbẹ̀ ní kì í bọ́ sí àkókò rẹ̀ mọ́. Láwọn ọdún mìíràn, CHIRPS gbè wọ́n, ìwé ọ́fíìsì kò gbè wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n yọ apá yẹn kúrò kí iṣẹ́ lè mọ́ kedere. N kò yọ ọ́. Mo to ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn wá lọ bi àwọn ará Ìsẹ́yìn.