Ẹrù ilé ìdílé wa ní Sùúrùlérè: bí mo ṣe kà á, àti ohun tó sọ fún mi nípa owó tó gbé wa dìde

Wọ́n fẹ́ tún ilé ìdílé wa kọ́, wọ́n ní kí gbogbo ẹrù inú ẹ̀ kúrò, mo wá bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ná kí àwọn tó ń ra irin àtijọ́ tó kó o lọ. Ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ni pé bàbá àgbà, akọ̀wé réluwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, ló yọ ìdílé wa nínú ìṣẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù ilé á jẹ́rìí sí i.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mi ò gbé nǹkan kan kúrò níbi tó wà, mo ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ níbẹ̀, torí ibi tí ẹrù wà lẹ máa fi mọ ẹni tí wọ́n rà á fún. Àwo tánganran inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀, mo gbé e síwájú fèrèsé, ojú ẹ̀ ń dán, kò sí ibi tí ọ̀bẹ há rárá, àlejò ni wọ́n rà á dè. Nínú kíṣìnì lẹ́yìn, ìdí bàsíà ti jò, wọ́n jó irin míì mọ́ ọn, ó tún jò, wọ́n tún jó o. Ilé kan náà, ìgbà kan náà o. Ẹni tó bá dúró sí pálọ̀ nìkan á rò pé owó ti dé.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ń yí ìdí ẹrù wò. Àwo tí wọ́n tẹ "England" sí nídìí, lẹ́yìn 1891 ló sábà máa ń jẹ́, torí òfin Amẹ́ríkà ló ní kí ọjà tó bá wọlé máa gbé orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá, àwọn tó ń ṣe àwo sì ń lo òǹtẹ̀ kan náà fún gbogbo ayé. Èyí tó bá ní "Czechoslovakia" ò lè ṣáájú 1918. Fọ́tò ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, aago àti àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó jókòó lè jẹ́ ti onífọ́tò, mo rí àga kan náà nínú fọ́tò ìdílé míì ládùúgbò.

Maṣíìnì ìránṣọ Singer ló wá yí ọ̀rọ̀ padà fún mi. Nọ́ńbà ara ẹ̀ fi Y bẹ̀rẹ̀, èyí ni pé Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é, kí 1936 tó dé. Bàbá àgbà ò tíì wọ réluwéè nígbà yẹn, ìgbà ogun Hitler ló wọ̀ ọ́. Mo fa dúrọ́ọ̀ yọ, rìsíìtì wà níbẹ̀, wọ́n ká a pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì, orúkọ ìyá àgbà ló wà lára gbogbo ẹ̀, ṣílè díẹ̀ díẹ̀ ló ń san títí tó fi san án tán. Ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ti jẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, àpẹẹrẹ inú irin náà ti parẹ́.

Owó oṣù bàbá náà ṣe tiẹ̀, mi ò jiyàn. Àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì wà lára ògiri, èyí tí wọ́n ń fa wáyà ẹ̀ wọlé ní Èkó láti 1935, tí wọ́n sì máa ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù nígbà yẹn. Ẹni tó ń gbowó oṣù ló lè gbé irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó tó ń bí owó, ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá.

Wọ́dúróòbù ló ṣòro fún mi láti kọjá lára ẹ̀. Wọ́n ti fi ayùn gé orí ẹ̀, wọ́n sì kun ojú ibi tí wọ́n gé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ṣàlàyé: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé níbẹ̀ láti 1955, iṣẹ́ LEDB (Lagos Executive Development Board), àjọ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ti bẹ̀rẹ̀ ní 1924, wọ́n kó wọn wá sí Sùúrùlérè, wọ́dúróòbù ò gba inú yàrá. Wọ́n ní ilé tuntun mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ omi wà. Àwọn oníbàárà ìyá àgbà ò tẹ̀ lé wọn o, aṣọ tó ń tà ní Ìdúmọ̀tà wá di ohun tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ tà, nígbà tó yá ó fi í sílẹ̀. Nínú dúrọ́ọ̀ maṣíìnì yẹn náà, ìwé kékeré kan wà lábẹ́ rìsíìtì, ìwọ̀n yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ àdúgbò ló kún inú ẹ̀. Wọ́n gòkè nílé, wọ́n já wálẹ̀ lọ́jà, lọ́dún kan náà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ bi àwọn ìyá léèrè ẹni tó ra nǹkan, ẹ má bi wọ́n léèrè ẹni tó ni ín, torí "bàbá yín" ni wọ́n máa sọ.

Nínú ìwé tí mo kọ fún ìdílé, mo fi orúkọ ìyá àgbà ṣáájú. Inú àbúrò bàbá mi kan ò dùn sí i, a ṣì wà lórí ẹ̀, mo ti fi rìsíìtì yẹn ránṣẹ́ sí wọn.